Ẹni Tó Ni Ìbọn

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Nozuko ti ọwọ́ bọ agolo ìyẹ̀fun tó fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin. Ìbọn ìléwọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Ó gbé e jáde, ó gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ nù, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì ń po ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò sí ohun tó ń ba obìnrin yìí lẹ́rù mọ́, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn.

Inú ọgbà màlúù ni bàbá náà ri ìbọn ọ̀hún mọ́ kó tó kú, lábẹ́ òkúta. Ọkọ Nozuko ló sọ fún un. Láàárín àwọn Xhosa, ìyàwó ilé kì í wọ ọgbà màlúù ìdílé ọkọ, kì í pe orúkọ bàbá ọkọ, kì í sì í ṣí orí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti wọlé wọn, kò tẹ ibẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò pe orúkọ bàbá náà rí. Èmi tí mò ń sọ ọ́ náà ò ní pè é, nítorí tirẹ̀.

Nozuko ti ìbọn náà mọ́ inú àpótí. Ní Ọjọ́rú, ó bá a lábẹ́ ìrọ̀rí Lwazi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Lwazi ò mọ̀ pé ìbọn wà nílé. Ohun tó mọ̀ ni pé àwọn ará ilé Mbotho jí màlúù òun méjì, àti pé bàbá arúgbó kan ń wá bá òun lójú oorun, ó ń sọ fún òun pé kí òun má gbà. Ìbọn yẹn gan-an ni bàbá ọkọ Nozuko fi pa ọmọkùnrin ilé Mbotho kan ní ogójì ọdún sẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ màlúù bákan náà ni, ẹnikẹ́ni ò sì mú un. Nozuko jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó ń wo ògiri. Tí Lwazi bá mú ìbọn yìí jáde, yálà ó pa wọ́n tàbí wọ́n pa á, òun ò ní ọmọ mọ́ nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí rédíò ti ń kéde pé ìjọba fún ẹni tó bá ní ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ ní oṣù mẹ́fà láti gbé e wá, wọn ò ní fi ẹjọ́ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ mú un. Nozuko tẹ àgọ́ ọlọ́pàá láago. Sájẹ́ǹtì Mudau ló gbé fóònù, ọmọ ẹ̀yà Venda láti àríwá lọ́hùn-ún, tí kò tíì pẹ́ ládùúgbò. Ó ní kó má gbìyànjú láti yọ ọta rẹ̀, kó fi aṣọ wé e, kó tì í mọ́ bọ́ọ̀tù ọkọ̀, kó sì wọlé wá lọ́wọ́ òfìfo. Òun fúnra òun ló máa lọ gbé e.

Lwazi ló wa ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ parọ́ fún un pé òǹtẹ̀ ọlọ́pàá lòun fẹ́ lọ gbà sára ìwé ikú bàbá rẹ̀, ó sì ní kó jókòó dè òun lórí bẹ́ǹṣì inú àgọ́ náà.

Gbogbo rẹ̀ lọ geere. Mudau gbé ìbọn wọlé, ó yọ ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kọ nọ́ńbà ara irin náà sílẹ̀. Ìgbà náà ló wá béèrè orúkọ ẹni tó ni ín.

"Mi ò lè pè é," Nozuko sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Bàbá ọkọ mi ni."

"Màmá, mi ò lè fi ibí yìí sílẹ̀ lófìfo. Tí ẹnu yín ò bá gbà á, ẹ bá mi kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ọmọ Xhosa èyíkéyìí ì bá ti fojú kà á, kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n Mudau gbé ìwé náà sókè, ó sì kà á síta, orúkọ àti ti ìdílé, ketekete, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó kàn.

"Èmi nìyí," ẹnì kan dáhùn láti orí bẹ́ǹṣì.

Lwazi ló dìde. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan bọ̀, bí kò ṣe rìn rí. Ó fi ọwọ́ òsì gba bírò, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Nozuko mọ ìfọwọ́sí yẹn. Ó wà lára ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, níbi tí bàbá ọkọ rẹ̀ ti jẹ́rìí. Bàbá náà sì ti kú kí wọ́n tó bí Lwazi.

"Ẹ máa gbé e lọ, Sájẹ́ǹtì," ló wí. "Mi ò nílò rẹ̀ mọ́. Mo ti ní ọwọ́ tí mo lè lò."

Mudau rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó fún Nozuko ní rìsíìtì, ó ní ó ṣe dáadáa.

Nígbà tí wọ́n dé oríta, ọkọ̀ ò yà sílé. Ọ̀nà ilé Mbotho ló gbà. Nozuko fẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Orúkọ náà dé ètè rẹ̀, kò jáde.

"Ìyàwó," ẹni tó ń wakọ̀ sọ, kò wò ó, "bo orí rẹ dáadáa."

Nozuko fa ìborí rẹ̀ wálẹ̀ dé ojú. Ó tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí.