Ọkùnrin Tó Ń Wọn Pọ́tà ní Ọ̀fà

Ṣììì. Ìró pákó tí wọ́n ń wọ́ lórí yanrìn ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti kúrò ní Ọ̀fà, etí mi kò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Pápá gọ́ọ̀fù tó wà lẹ́yìn ojú irin nígbà náà kò ní koríko tútù níbi ihò. Yanrìn ni, tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù tí àwọn mẹkáníìkì tú dànù, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Bíráùn là ń pè é. Kí ẹnikẹ́ni tó ti bọ́ọ̀lù sí ihò, ẹnì kan á kọ́kọ́ wọ́ pákó kọjá kí ojú yanrìn lè dán. Ẹni náà ni Jacob Oyètúndé. Òun ló ń tọ́jú bíráùn, òun ló ń tún irin tó bá ṣẹ́ ṣe, òun náà ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kó irin ìgbá-bọ́ọ̀lù wọn sí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1991, pákó kò dún. Aago mẹ́jọ lù, Jacob wà lẹ́nu ọ̀nà sítọ̀, bí ogún èèyàn sì dúró níwájú rẹ̀. Pọ́tà mẹ́sàn-án ti pòórá. Pọ́tà ni irin olórí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rọra ti bọ́ọ̀lù wọ ihò. Ẹni tí kò bá ní in, kó máa lọ sílé. Àwọn irin yòókù wà nínú àpò wọn. Ilẹ̀kùn kò já, fèrèsé ẹ̀yìn wà ní títì láti inú.

Kápútẹ́nì ẹgbẹ́, Alhaji Abdulganiyu Àkànbí tó ń ta símẹ́ǹtì àti páànù, ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Ẹyọ kan, Alhaji."

"Lọ́wọ́ ta?"

"Lọ́wọ́ mi."

"Ta lo ṣílẹ̀kùn fún?"

Òfin ẹgbẹ́ ni pé àlejò kò gbọdọ̀ wọ sítọ̀.

"Ọkùnrin kan ni, láàárọ̀ àná. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gbogbo ibi. Ó ní òun ń kọjá lọ, òun fẹ́ kírun, ṣé mo lè wá ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ fún òun. Mo ṣílẹ̀kùn fún un, mo lọ wọ́ bíráùn. Nígbà tí mo padà dé, ó ń jáde bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ó dúpẹ́, ó lọ."

"O fi í sílẹ̀ lóun nìkan?"

"Ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni, Alhaji. Wọn kì í dúró ṣọ́ ọ."

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Jacob, ṣùgbọ́n láàárín Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, láàárín wọn ló dàgbà. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ojú Alhaji yí padà.

"Wòlíì Jacob. Nínú gbogbo ayé, ẹni tó ń kírun lo rí di ẹrù olè lé lórí. Níwájú èmi."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo—"

"Olè ni ẹ́. Gbogbo yín gbọ́, olè ni Jacob. Kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Tí oṣù yìí bá parí, kó kúrò nínú yàrá ẹgbẹ́."

Ọdún mọ́kànlá ni Jacob àti ìyàwó rẹ̀, Evelyn, ti gbé nínú yàrá náà, ní òdìkejì ojú irin. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ǹṣì, kò jù ú.

"Iṣẹ́ yín nìyí, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n n kò tíì lọ. Kí oṣù tó parí màá mú olè yín wá fún yín, ẹ ó sì yọ orúkọ olè kúrò lára mi."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Jacob wò ó títí ẹ̀rín náà fi tán.

Sájẹ́ǹtì Akínwándé ní àgọ́ ọlọ́pàá ti Jacob mọ́lé fún ọjọ́ méjì, ó bi í ní ìbéèrè kan náà lọ́nà ogún, kò rí nǹkan kan dì mú, ó fi í sílẹ̀. Evelyn gbọ́ ìtàn náà tán, ó bi í ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí Evelyn fúnra rẹ̀, kó tó gba orúkọ ìrìbọmi.

"Ṣé ó bèèrè omi?"

"Omi wo?"

"Omi àlùwàlá. Ṣé ó ní kí o fún òun ní búútà?"

Jacob ronú. "Rárá. Kò bèèrè nǹkan kan."

"Ó ha gbé omi dání?"

"Eyín góòlù kan níwájú ẹnu nìkan ni mo rí lára rẹ̀."

"Kò wẹsẹ̀, kò wẹwọ́," Evelyn ní. "Ọkọ mi, ẹni yẹn kò wá kírun."

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan dé sí pápá, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà olójú gígùn. Ó ní Olúṣèyí lorúkọ òun, pé òun kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní Kàdúná, àti pé iṣẹ́ òun kò ju ẹyọ kan lọ: kí òun wọn èèyàn, kí wọ́n rọ pọ́tà tó bá a mu ránṣẹ́ láti England. Jacob kò sí níbẹ̀ tí ì bá fi rí eyín ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti ní kó má tẹ pápá mọ́.

Olúṣèyí mọ ọ̀rọ̀ sọ. "Ọlọ́run kò dá èèyàn méjì bákan náà. Bàtà yín kò bára mu, ẹ̀wù yín kò bára mu. Ta ló wá ní kí pọ́tà yín bára mu?" Ó fi téèpù télọ̀ wọn ọrùn ọwọ́ wọn dé ilẹ̀. Ó gbé jígí pẹlẹbẹ sábẹ́ ojú wọn láti wo ibi tí ojú ń ṣubú sí nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré. Irínwó náírà lórí ẹnì kan, kí wọ́n san án ṣáájú. Àwọn kan ní òfò ni, pé ọwọ́ ló ń ti bọ́ọ̀lù, kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n jí tiwọn kó kò ní nǹkan tí wọn ó fi gbá bọ́ọ̀lù, ìdíje sì ń bọ̀. Gbogbo wọn ló sanwó. Alhaji ló kọ́kọ́ san.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Olúṣèyí kó mẹ́jọ dé, wọ́n pọ́n wọn sínú bébà, orí wọn pupa fòò bí ata. Ó ní ti Alhaji, irin pàtàkì ni, ó ṣì ń bọ̀.

Ẹni tó gbé pọ́tà dé ọ̀dọ̀ Jacob ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé, tíṣà kúkúrú kan tí kò gbà gbọ́ rí pé Jacob jalè. Ọ̀sán Tọ́sìdé ni, ó kù ọjọ́ méje kí oṣù parí.

"Jacob, wo nǹkan tí wọ́n ṣe fún mi. Mo fi ti bọ́ọ̀lù márùn-ún láàárọ̀, mẹ́rin wọlé."

Jacob gbà á, ó yí i po, ó gbé e sí imú.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n ya rọ́bà ìdìmú rẹ̀."

"Rọ́bà irínwó náírà?"

"Tí n bá purọ́, ẹ wá kó àga mi tà."

Tíṣà wo àga náà, ó rí i pé kò lè tó o, ó ṣáà ní kó ya á. Jacob fi ọ̀bẹ la rọ́bà, ó dorí ọ̀pá kodò lórí bébà ìròyìn. Yanrìn dúdú tó ti gba ihò ìdí ọ̀pá wọlé lórí bíráùn dà síta, ó ki, òórùn ọ́ìlì gba yàrá.

"Sà, ṣé wọ́n ń da ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù sórí pápá ní England?"

Jacob fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà pupa lẹ́bàá ọrùn irin náà. Ojú ibi tí wọ́n fi bàbà jó yọ, ó tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì.

"Èmi ni mo jó o síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Pọ́tà Alhaji nìyí. Wọ́n gé e ni. Ẹni tó wọ̀n yín, ṣé ó ní eyín góòlù?"

"Ó ní in. Olúṣèyí ni, Ijagbo ló ń gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Jacob ká bébà ìròyìn náà mọ́ra, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

"Yanrìn lo kó wá fún mi?" Sájẹ́ǹtì Akínwándé ní.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀, ọ̀gá."

Akínwándé gbóòórùn rẹ̀. Ó wo pọ́tà. Ó wọ bàtà rẹ̀.

Ọ̀kadà méjì ni wọ́n gùn dé Ijagbo. Yàrá ti ṣófo. Ayùn irin wà lórí fèrèsé, eruku irin wà nílẹ̀, agolo ọ̀dà pupa ṣí sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ìyá onílé, Àṣàbí, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpò jáde ni. Ó ní ọjà Ojoku lòun ti fẹ́ wọ lọ́rì."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n wo? Èmi ni ó ń pè ní ẹ̀gbọ́n láti ìgbà tí kò ti san owó ilé."

Ọjọ́ ọjà ni ní Ojoku. Iṣu tò bí odi, lọ́rì mẹ́ta ń kó ẹrù. Jacob rí i lórí lọ́rì tó wà níwájú, láàárín iṣu, ó gbé àpò gígùn sáàárín orúnkún. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Olúṣèyí rẹ́rìn-ín, góòlù kọ mànà, lọ́rì sì ṣí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Jacob sọ. Ká ní ó pariwo "olè", gbogbo ọjà ni ì bá dà lé ọkùnrin náà pẹ̀lú igi àti òkúta, kò sì ní délé ẹjọ́. Jacob pa ẹnu dé. Ó ti mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí lára. Ó gba àárín òkìtì iṣu kọjá, ó fo kòtò, ó yọ sójú títì níwájú lọ́rì, ó na apá méjèèjì.

Dẹ́rẹ́bà tẹ búréèkì. Iṣu yí wálẹ̀ gbì, gbì.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" ni dẹ́rẹ́bà wí.

"Ẹ tẹ̀ mí tàbí kí ẹ sọ ọkùnrin tó wà láàárín iṣu yẹn kalẹ̀," ni Jacob wí.

Olúṣèyí fò sílẹ̀ lẹ́yìn, ó wọ oko ẹ̀gẹ́. Kò sọ àpò nù. Ohun tó mú un nìyẹn. Okùn àpò há mọ́ kùkùté, ó yí padà láti fà á, ọwọ́ Akínwándé sì ba ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wọn wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, Alhaji jókòó níwájú pátápátá.

"Iṣẹ́?" Akínwándé bi Olúṣèyí.

"Mo ń wọn pọ́tà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Mo ṣe kádì ní Kàdúná fún ọdún méjìlá, mo ń ru àpò irin fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ojú ni mo fi kọ́ ọ."

"Níbo lo ti rí pọ́tà wọ̀nyí?"

"England."

Akínwándé da yanrìn sórí tábìlì. Jacob to irin mẹ́sàn-án sílẹ̀, mẹ́jọ tí wọ́n kó wá àti ẹyọ kan tó wà nínú àpò, ó ń pe orúkọ ẹni tó ni wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà láti fi àpá hàn. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, Olúṣèyí mí kanlẹ̀.

"Ó tó. Èmi ni. Mo jù wọ́n síta láti ojú fèrèsé, mo tún fèrèsé tì, mo jáde lọ́wọ́ òfo. Mo yípo lọ kó wọn nínú koríko. Mo gé wọn, mo kùn wọ́n, mo fi ti ẹnì kan fún ẹlòmíràn."

Ohùn Alhaji rẹlẹ̀. "Ìrun tí o kí ńkọ́?"

"N kò mọ̀ ọ́n kí, Alhaji. Mo ti dán an wò níbòmíràn, wọ́n dúró tì mí. L'Ọ́fà ni wọ́n ti fi èmi àti Ọlọ́run sílẹ̀ nínú yàrá kan náà."

Kò sẹ́ni tó wo ojú Jacob. Olúṣèyí gbé orí sókè.

"Mo jalè, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí mo wọ̀n, òótọ́ ni. Ẹ bi tíṣà yẹn bóyá bọ́ọ̀lù kò wọlé."

"Ó ń wọlé," Ajíbádé ní, ó sì dàbí ẹni pé ojú ń tì í. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo ọ̀pá ẹni gíga. Èyí bá ìdúró mi mu."

"Ẹ ò rí i?"

"Sà," Jacob ní, "ayùn irin àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ẹ ò bi mí rí ni."

Ẹ̀rín bú ní àgọ́. Wọ́n bá èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn nínú àpò, kálukú gbé irin rẹ̀, ara tù wọ́n, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Wọ́n ti Olúṣèyí mọ́lé. Alhaji jáde láì bẹ Jacob.

Lọ́jọ́ kejì ó fi kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ ránṣẹ́. Jacob dá a padà. Alhaji fi símẹ́ǹtì àpò mẹ́wàá ránṣẹ́.

"Ṣé símẹ́ǹtì la ó fi rẹ́ orúkọ rẹ ni?" Evelyn bi í. Ìyẹn náà padà.

Nígbà tí oṣù parí, Jacob kó ẹrù rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe pàṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Ó gba yàrá nílé àwọn Evelyn. Ọyẹ́ gbá yanrìn bíráùn lọ. Bàtà tẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù kò lọ tààrà mọ́, ọ̀pá ì báà jẹ́ ti England.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ajíbádé wá ní ìgbà kẹrin, ó jókòó.

"Jacob, Alhaji ní kí o dárúkọ ohun tí o fẹ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Jacob rán an níṣẹ́:

"Ẹ bá mi kí Alhaji. Ẹ ní n kò bínú mọ́. Ẹ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ni wọ́n pè mí lólè, lẹ́nu ọ̀nà sítọ̀, ogún èèyàn ló gbọ́. Kí wọ́n kó ogún èèyàn náà jọ síbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ, kí wọ́n sọ ohun tí mo jẹ́ gan-an. Màá mú téèpù àti ayùn dání. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wọn pọ́tà òun, ọ̀fẹ́ ni. Àfi Alhaji. Iye tí wọ́n san fún olè, kí wọ́n san án fún èmi tí kì í ṣe olè."