Ológò Dé Àìlégùn

Kọnkéré ti dé ìdajì dẹ́kìn nígbà tí obìnrin kan gba àárín àwọn lébìrà kọjá. Ó gbé àpótí kékeré kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé Ògúndélé, ó sì jókòó lé e.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ní Àìlégùn, lápá Ìsọlọ̀. Ẹ̀rọ ń po yanrìn mọ́ símẹ́ǹtì, ariwo gba gbogbo àdúgbò. Ìyá Bọ́láwálé, ìyàwó Ògúndélé, ń pín omi fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó rò pé àlejò náà wá kí wọn kú oríire ni. Láti ìgbà tí Bọ́láwálé ọmọ rẹ̀ ti ń fi owó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ láti Màǹṣẹ́sítà lókè òkun, àwọn èèyàn kò yé wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Bọ́láwálé. Ilé á tura."

"Àmín o, Màmá. Ẹ wọlé, ẹ mu omi."

"Ibí yìí tó mi. Mo gbé omi wá. Mo gbé oúnjẹ wá pẹ̀lú."

"Kí ló dé o?"

"Ìyá Ṣubúọlá ni mí. Mò ń ta aṣọ ní ọjà Aswani. Ọmọ mi ló ni ilé ọtí tí Bọ́láwálé ń lọ ní Màǹṣẹ́sítà. Ó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo wá dógò tì yín ni."

Ìyá Bọ́láwálé bú sẹ́rìn-ín. Ó wo ojú obìnrin náà, ẹ̀rín sì tán.

Ògúndélé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, ẹni tó jẹ lówó á rán ológò sí ilé rẹ̀. Ológò á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa bú wọn, á máa pa adìẹ wọn jẹ. Kò ní dìde títí àwọn mọ̀lẹ́bí fi máa wá owó náà.

"Dógò?" ni Ògúndélé wí. "Lóde òní?"

"Ẹ má bẹ̀rù fún adìẹ yín, Bàbá. Mo se ẹ̀wà wá. N ò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Mo kàn jókòó ni."

"Ẹ kúkú lọ pe ọlọ́pàá," ni Ìyá Bọ́láwálé wí.

"Ọlọ́pàá kì í gba gbèsè, kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Kóòtù ló ni ín. Ọmọ mi lè pè é lẹ́jọ́ lọ́hùn-ún. Bí adájọ́ bá dá a lẹ́bi tí kò san, orúkọ rẹ̀ á wọ àkọsílẹ̀ àwọn onígbèsè. Báǹkì ò ní fẹ́ yá a lówó. Bó bá fẹ́ háyà yàrá, onílé á yẹ orúkọ rẹ̀ wò, á sì kọ̀ ọ́. N ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ gbé àpótí wá."

"Bíà lásán! Ìgò mélòó lọmọ mi mu tí ẹ fi wá dójú tì wá níwájú lébìrà?"

"Ó ti ń mu àwìn látìgbà òtútù. Ó wá ṣe ọjọ́ ìbí níbẹ̀, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jẹ àsun, wọ́n mu ọtí olówó ńlá. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ lọ mú káàdì báǹkì òun nínú mọ́tò. Mọ́tò náà ló bá lọ. Látọjọ́ náà, kò gbé ìpè ọmọ mi mọ́. Bí owó tí ọmọ mi fi háyà ilé kò bá pé lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹni tó ni ilé á ti ilé ọtí náà pa."

"Irọ́ ńlá! Mo ní fídíò ọjọ́ ìbí yẹn."

Ó yọ fóònù rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò tíì fi fídíò náà hàn lójú pópó yẹn. Bọ́láwálé ń jó, ìgò kún orí tábìlì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń hó yèè.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ojú onígbèsè nìyí?"

Ìyá Ṣubúọlá kò wo Bọ́láwálé. Ó na ìka sí igun kan.

"Ẹni tó gbé àwo ẹran yẹn, tó wọ búláòsì pupa, ọmọ mi nìyẹn."

Ìyá Bọ́láwálé ti wo fídíò náà títí ó fi mọ orin inú rẹ̀ sórí. Kò wo obìnrin tó gbé àwo ẹran rí. Ó wò ó báyìí. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ orúnkún díẹ̀ bó ṣe ń gbé àwo kalẹ̀ fún àlejò, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Báwo lẹ ṣe mọ ilé wa?" ni Ògúndélé bi í.

"Ọmọ yín ló júwe rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba àwìn, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, 'Àǹtí mi, ọmọ Àìlégùn ni mí. Ilé wa ló kọjú sí ilé epo, kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.' Ṣubúọlá ní apá Ìsọlọ̀ kan náà ni àwọn ti wá, ló bá gbé ọtí fún un. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Onílé kì í gba àpèjúwe kànga bí owó ilé."

Ògúndélé pe ọmọ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Dádì! Ṣé wọ́n ti ń ro dẹ́kìn? Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi o!"

"Wọ́n ń rò ó. Ta ni Ṣubúọlá?"

"Dádì, kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo wa la jọ jẹun."

"Ta ló pè wọ́n?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ní òun ń lọ mú káàdì?"

"Àwọn bọ́ìsì ló ní ká máa lọ... Àwọn èèyàn máa ń ṣe é níbí, Dádì. Ìyẹn ò lè pa ilé ọtí."

"Ìyá Ṣubúọlá ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi yìí. Kí ló dé tí o ò san?"

"Owó tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Mọ́mì ló ní ilé àwọn Fọlárìn aládùúgbò wa ti ní dẹ́kìn, pé tiwa ló kù."

Lókè, kọnkéré ń dà. Ìyá Bọ́láwálé ń wo ilẹ̀.

Ògúndélé pe Ọdúnayọ̀, ọ̀gá àwọn bíríkìlà.

"Dá iṣẹ́ dúró."

"Bàbá, a kì í dá dẹ́kìn dúró lágbedeméjì. Á sán. Ó lè wó lọ́jọ́ kan."

"Ó dáa, ẹ rò ó tán. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ parí. Kí Rájí wá kó símẹ́ǹtì tó kù, àti búlọ́ọ̀kù òkè, àti páànù."

"Bàbá Bọ́láwálé!" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe. "Kí làwọn ará àdúgbò á sọ?"

"Wọ́n á ní a san gbèsè."

Rájí dé kí oòrùn tó wọ̀. Òun ló ta ọjà náà fún wọn. Ó rà á padà, kò sì rà á ní iye tó tà á. Ògúndélé fi owó náà ránṣẹ́. Ìyá Ṣubúọlá kò fi ti àlẹ́ẹ̀tì dìde. Ó dúró títí ó fi rí i pé owó ti wọ inú àkáǹtì òun lóòótọ́. Kò pé. Bọ́láwálé bẹ Ṣubúọlá lórí fóònù, bàbá rẹ̀ ń gbọ́. Ó ní òun á máa san èyí tó kù díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù òun.

"Kó kọ ọ́," ni Ìyá Ṣubúọlá wí. "Ọ̀rọ̀ ẹnu la kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀."

Bọ́láwálé kọ ọ́ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́. Nígbà náà ni obìnrin náà gbé àpótí rẹ̀.

"Ilé lẹ ń lọ báyìí, Màmá?" ni Ògúndélé bi í.

"Mò ń lọ sùn. Tó bá di ọ̀la, Òṣòdì ni. Ibẹ̀ nilé òbí ọ̀rẹ́ ọmọ yín kan wà, òun náà gba àwìn."

Ilé ọtí Ṣubúọlá ṣì wà. Kò tà láwìn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí á san owó sílẹ̀ kí iná ẹran tó tàn. Bọ́láwálé ń san tirẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn tó bá a jó lọ́jọ́ náà kò fi kọ́bọ̀ kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ gba owó kí ẹ tó gbé ìgò kalẹ̀. Pé a jọ ti ìlú kan náà wá kò tó fi ṣe onídùúró gbèsè. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ má jẹ ohun tí apá yín kò ká. Bí owó bá tán, ẹ sọ ọ́. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bá a ṣètò. Ẹni tó bá sá, ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ nídìí tábìlì. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó dúpẹ́ owó tí ọmọ fi ránṣẹ́, ẹ bi í bóyá ó ti san owó ibi tó ti jẹun. Ẹ má sì fi ilé ẹlòmíràn na ọmọ yín lẹ́gba.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ògúndélé kò tíì kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ náà. Irin òpó ṣì nà sókè, ó ti ń dípẹtà. Ìyá Bọ́láwálé ń sá ata lórí dẹ́kìn náà.