Ta Ló Pa Àwọn Ajá Ọláoyè?

Tanímọ̀la kú sí ẹnu ọ̀nà ilé ajá. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọọrọ, ó la ojú sílẹ̀, eṣinṣin sì ti ń ṣe ìpàdé lórí imú rẹ̀. Òun ni ajá karùn-ún tó máa kú nínú ọgbà Alàgbà Ọláoyè láàárín oṣù kan.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Jayéọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka gbé ètè ajá náà sókè. Èrìgì rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Ẹyinjú rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀.

"Májèlé ni," Alàgbà Ọláoyè wí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì ni Alàgbà. Ajá tí wọ́n fi ń ṣọ́ báńkì àti ọ́fíìsì ní Sapele Road ló ń tọ́jú ní Uwasota, ní ìlú Benin. "Mo ti mú ẹni tó ṣe é fún yín. Ẹ kàn máa gbé e lọ ni."

Ibi tó tì í mọ́ nìyí: inú ilé ajá kan tó ti ṣófo. Irin yí i ká, kọ́kọ́rọ́ wà lápò Alàgbà. Kẹ́hìndé, ọkùnrin tó ń bọ́ àwọn ajá, ló lóṣòó síbẹ̀ láti àná. Òrùlé ibẹ̀ kò ga tó kí ènìyàn dìde dúró.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré o. Ọdún 1986 là ń sọ yìí, nígbà tí adigunjalè kò jẹ́ kí ará Benin fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ pé ó pa ajá kí olè lè ráyè wọlé, adigunjalè ni wọ́n kà á sí. Ìdí òpó ni wọ́n sì ń kó adigunjalè lọ, ìbọn ló ń dá ẹjọ́ tó kù. Ọ̀gá tó wà lórí Jayéọlá ní àgọ́ ọlọ́pàá ti pàṣẹ pé mọ́tò yóò wá gbé Kẹ́hìndé ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti wọ mọ́tò yẹn, kò sẹ́ni tó tún máa bi í léèrè nǹkan kan.

"Ọ̀gá, no be me," Kẹ́hìndé wí. Benin ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Píjìn ló fi ń fèsì. "Na me train all of them."

Jayéọlá nawọ́ sí abo ajá kan tó ń fún ọmọ lọ́mú lábẹ́ igi máńgòrò. Ara rẹ̀ ń dán. "Kí ló dé tí èyí kò fi ṣàìsàn? Wọ́n ní ìwọ lo yọ ọ́ kúrò nídìí oúnjẹ àwọn yòókù."

Alàgbà rẹ́rìn-ín ẹlẹ́gàn. "Ẹ ò rí i? Ó mọ ohun tó fi sínú oúnjẹ."

"No, sah. She smell the food, she waka go. Na my own ẹ̀bà and fish head I dey give am."

Ọ̀rọ̀ tó ń so okùn mọ́ ènìyàn lọ́rùn ni, bó bá jẹ́ irọ́. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé imú ajá ti rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí. Jayéọlá kò tíì mọ èyí tó máa gbà.

Ohun kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ẹranko ti la ajá kẹrin wò. Ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bàjẹ́. Ta ni olè tó máa jókòó fi odindi oṣù kan pa ajá? Májèlé eku tó wà ní gbogbo ọjà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní mọ́ bá ajá tó bá jẹ ẹ́.

Mọ́tò kan dúró lẹ́nu géètì. Ìyá Ọláníkẹ́ ló sọ̀ kalẹ̀, obìnrin tó ń kó oúnjẹ ajá gbígbẹ wá fún Alàgbà láti ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Ọba. Alàgbà ló ránṣẹ́ pè é. Jayéọlá mọ̀ ọ́n. Àbúrò ìyá Títílayọ̀, ìyàwó rẹ̀, ni. Nígbà tí ìyá Títílayọ̀ kú, obìnrin yìí ló gbà á tọ́, òun náà ló sì fà á lé Jayéọlá lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"Àna mi, ṣé dáadáa lẹ wà? Ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. Oúnjẹ tí ẹ kó wá kẹ́yìn yìí, ibo lẹ ti rí i?"

"Oúnjẹ òyìnbó tí mo ti ń kó wá látijọ́ náà ni. Ẹran ni wọ́n kọ ṣáájú sára àpò rẹ̀, ẹ lọ kà á. Kò sí kòkòrò níbẹ̀, kò bu. Oòrùn pa á dáadáa kí n tó gbé e wá." Ó yíjú sí ilé ajá, ó sì tètè yíjú kúrò. "Ṣé ọmọkùnrin yẹn ti jẹun?"

Alàgbà ní kò sí oúnjẹ fún apànìyàn. Kò sẹ́ni tó rán an létí pé ajá ló kú.

Jayéọlá fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ bá Sùlè ní géètì. Sùlè ni ó ń ṣọ́nà. Gbogbo ará ọgbà ló mọ̀ pé bí ajá bá fara kàn án, omi ló máa wá láti fi wẹ ara.

"Wọ́n ní o kórìíra ajá."

"N ò kórìíra wọn, sà. Wọ́n ń ba àlùwàlá mi jẹ́ ni. Ìyẹn ò ní kí n pa ẹ̀dá Ọlọ́run."

"Kí lo rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn yàrá rẹ? Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì rọ̀."

Sùlè wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Adìẹ mi ni, sà. Alàgbà ò fẹ́ adìẹ lọ́gbà, mo ń sìn wọ́n ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n já àpò oúnjẹ tuntun sílẹ̀, àpò kan ya. Àwọn adìẹ ṣà nínú rẹ̀ kí n tó lé wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi kú."

"Kẹ́hìndé ńkọ́?"

"Ó ti lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ní Ekpoma. Alàgbà fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ajá lọ́sẹ̀ yẹn, àpò àtijọ́ ni wọ́n sì ṣì ń jẹ."

"O mọ èyí, o sì jẹ́ kí wọ́n ti ọmọlọ́mọ mọ́lé?"

"Mo rò pé wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí adìẹ ni, sà."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Nítorí adìẹ. Ilé tí wọ́n ń kó àpò oúnjẹ sí ni Jayéọlá gbà lọ.

Òótọ́ ni, ẹran ló ṣíwájú nínú ohun tí wọ́n kọ sára àpò náà. Ṣùgbọ́n àpò kì í jẹun, ajá ni í jẹ ẹ́. Jayéọlá wo ẹnu àpò tí wọn kò tíì tú. Okùn dúdú tí wọ́n fi ń rán àpò ìrẹsì ni wọ́n fi rán an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, ihò tí abẹ́rẹ́ ti kọ́kọ́ gún tò lọ, kò sí okùn kankan nínú rẹ̀.

Ó tú àpò náà, ó bu ẹ̀kún ọwọ́ kan, ó dà á sínú abọ́, ó sì bu omi sí i, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá gàrí tí wọ́n tà fún un mọ́. Omi náà pọ́n bí omi osùn. Èérí àgbàdo léfòó. Òróró díẹ̀ ń dán lójú omi, ó sì ń rùn bíi kúlíkúlí tó ti pẹ́ nínú ike. Ó ki ọwọ́ sísàlẹ̀. Kò bá egungun lílọ̀, kò bá fọ́nrán ẹran kankan. Ẹ̀pà rírún ló bá, òmíràn dúdú, òmíràn ní àwọ̀ ewé.

Ó wọ pálọ̀, ó pe dókítà ẹranko lórí tẹlifóònù.

"Dókítà, bí ẹ̀pà bá bu, tí ajá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀dọ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ. Ojú àti èrìgì á pọ́n rúsúrúsú, bíi ti èyí tí mo là. Adìẹ kì í tilẹ̀ pẹ́ tó ajá."

"Bí wọ́n bá sá a sóòrùn ńkọ́?"

"Oòrùn á pa èyí tí ojú rí. Oró rẹ̀ ò ní kúrò."

Jayéọlá gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ó ti mọ ẹni tó pa àwọn ajá. Ó wù ú kó má mọ̀ ọ́n. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá dákẹ́, Kẹ́hìndé á kú. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹnu wo ló máa fi wọlé tọ Títílayọ̀? Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́. Ó jókòó síbẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí mọ́tò ọlọ́pàá ń fọn fèrè lẹ́nu géètì.

Ó jáde. Àwọn kọ́ńsítébù ti ń lọ sídìí ilé ajá.

"Ẹ dúró níbẹ̀," ó wí fún wọn. Ó yíjú sí àna rẹ̀. "Mà, ta ló sá oúnjẹ òyìnbó sóòrùn?"

"Báwo?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ ní oòrùn pa á dáadáa. Oúnjẹ tí wọ́n rán lẹ́nu pa nílùú òyìnbó, kí ló ń wá nínú oòrùn?"

Ìyá Ọláníkẹ́ yíjú sí géètì.

"Ẹ tún àpò òfìfo rán ni, mà. Okùn ìrẹsì ni. Ẹ̀pà, èérí àti aró pupa ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà náà sì ti bu. Ó ti pa adìẹ Sùlè kí Kẹ́hìndé tó dé láti Ekpoma."

Obìnrin náà wá ibi jókòó, kò rí, ó jókòó sílẹ̀.

"Ìjọba ti ibodè mọ́ oúnjẹ òyìnbó náà," ó wí. "Kò wọlé mọ́ láti ọdún tó kọjá. Gbogbo Ọjà Ọba ló mọ̀ mí mọ́ oúnjẹ ajá, kí ni kí n wá máa tà? Mo ní kí n dọ́gbọ́n sí i títí wọ́n á fi ṣí i. Mo ra ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, mo pò ó mọ́ èérí, mo fi ẹ̀rọ ìlọran tẹ̀ ẹ́. Wọ́n jẹ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ara wọn ń dán. Alàgbà gan-an yìn mí. Ìgbà tí òjò dé ni ẹ̀pà bu."

"Ẹ sì mọ̀ pé ó bu."

"Èlùbọ́ kì í bu nílé yín ni? Ṣé àwọn ìyá wa kì í gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n sá a, kí wọ́n rò ó fún wa jẹ? Ta ló kú? Mo gbọ̀n ọ́n, mo sá a títí ó fi gbẹ. Mo rò pé ó ti tán."

"Kẹ́hìndé ti wà nínú irin láti àná, mà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Mo gbọ́. Bí wọ́n ṣe dárúkọ adigunjalè, ẹnu mi dì. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa so mọ́ òpó yẹn."

"Ẹ wá fẹ́ jẹ́ kí wọ́n so Kẹ́hìndé síbẹ̀."

 Alàgbà ti yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilé ajá náà. Kẹ́hìndé rá jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ láti nà. Ó wo Ìyá Ọláníkẹ́ nínú eruku.

"Mama, you know say no be me," ó wí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"N ò ní kọ adigunjalè sínú ìwé ẹ̀sùn yín," Jayéọlá wí fún Ìyá Ọláníkẹ́. "Ẹ ta ayédèrú oúnjẹ, ẹ sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ pa aláìṣẹ̀. Ohun tí mo máa kọ nìyẹn, n ò ní fi kún un, n ò ní yọ nínú rẹ̀."

"Kí lẹ máa wí fún Títílayọ̀?"

"N ò mọ̀, mà."

Lójú Alàgbà, lójú Sùlè, lójú àwọn kọ́ńsítébù tí ẹnu yà, Ìnsípẹ́kítọ̀ Jayéọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna rẹ̀ tòun ti aṣọ ìjọba lọ́rùn. Àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ṣẹkẹṣẹkẹ jáde.

Obìnrin náà na ọwọ́ méjèèjì sí i.