Ọkọ̀ Ojú Irin Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ni mí ní Ìgàndò níbí. Ọmọ iléèwé tó bá parọ́ fún mi, ojú rẹ̀ ni mo ti ń kà á kó tó parí ọ̀rọ̀. Èmi kọ́ ni màá wá jókòó máa parọ́ fún àgbàlagbà. N kò mu nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Oorun kò kùn mí. Ojú tí mo fi ń máàkì ìwé ni mo fi rí i.

Ọmọ kan ṣoṣo ni èmi àti ọkọ mi bí, Olúwatósìn. Ìbàdàn ló ti ń kàwé, ọkọ̀ ojú irin ló sì máa ń wọ̀ lọ láti Àgbàdo. Lọ́jọ́ tó lọ kẹ́yìn, bàbá rẹ̀ fi mọ́tò iṣẹ́ gbé e dé ibùdókọ̀, ó já a sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní oníbàárà kan ń retí òun ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kò sọ̀ kalẹ̀. Kò dúró kí ọkọ̀ gbéra. Èmi wà ní kíláàsì. Kí oṣù yẹn tó parí, àìsàn ti mú ọmọ náà lọ.

Ìbàdàn ni wọ́n sin ín sí. Ọláwùmí, àbúrò ọkọ mi tó ń gbé níbẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa. Ọmọ ló yẹ kó sin òbí, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ lódì, òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. A kò lọ. Wọn kò sọ ibẹ̀ fún wa, a kò sì gbọdọ̀ bèèrè. Mo jókòó sórí ẹní nínú ilé, àwọn obìnrin ìjọ yí mi ká, wọ́n ń kọ orin tí n kò gbọ́. Láti ìgbà yẹn ni àwọn aládùúgbò kò ti mọ ohun tí wọn yóò máa pè mí mọ́. Ẹni tó ń pè mí ní Ìyá Tósìn tẹ́lẹ̀ á la ẹnu, á pa á dé, á wá ní, "Mọ́mì, ẹ káàsán."

Ọkọ mi kò sunkún. Olúwakáyọ̀dé lorúkọ rẹ̀, fèrèsé àlùmíníọ̀mù ló ń ṣe. Gbólóhùn kan ló kù tó ń sọ kiri inú ilé. Á ń jẹun lọ́wọ́, á sọ ọ́. Á ń wọ bàtà, á sọ ọ́.

"Mi ò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, Fọláṣadé."

Ká ní ó sọ̀ kalẹ̀, ṣé ikú ò ní mọ̀nà ni? Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń wá. Ó fẹ́ dágbére fún ọmọ rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti ṣe é. Ó dùn mí débi pé mo máa ń fi inú bí sí i. Mo ní kó yé é dà mí láàmú.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àjákù wálé. Irin àlùmíníọ̀mù tín-ín-rín tí fèrèsé ń yọ̀ lórí rẹ̀, èyí tó gé kù. Agolo sàdíìnì. Ìdérí ìgò mínírà. Ó gba fáànù kékeré tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ Ìdíátù, télọ̀ tó yá ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yọ mọ́tò inú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

"Rélùwéè."

"Rélùwéè wo?"

"Ti Tósìn. Àtikékeré ló ti ń bẹ̀ mí kí n ṣe é."

Òótọ́ ni. Ọmọ náà máa ń so agolo mílíìkì mọ́ra, á máa wọ́ ọ kiri ẹ̀yìnkùlé, á máa fi ẹnu fọn fèrè. Bàbá rẹ̀ á ní, "Tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀." Ọwọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í dilẹ̀ l'Ékòó.

Ìdíátù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fẹ́ǹsì. "Dádì, ẹ ti padà di ọmọdé o! Ẹ bá mi gé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣá, mo fẹ́ lọ kí àwọn ará ilé mi."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe yọ̀ǹda ẹ̀yìnkùlé mi. Ó hú ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀ mi dànù, n kò bá a jà.

Iṣẹ́ náà dára, n kò lè sẹ́ ẹ. Ó gé pákó àjákù síbùú síbùú, ó tò wọ́n sínú iyanrìn, ó wá fi ìṣó tí wọ́n fi ń kan fèrèsé kan irin mọ́ wọn lórí. Rọ́bà olómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀ ló fi wò ó kó lè dọ́gba. Ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ibẹ̀ ló pè ní Àgbàdo. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kànga, ó la àárín òkúta ńlá méjì kan kọjá, òkúta tó ti wà níbẹ̀ kí a tó ra ilẹ̀. Ó wá yí gba ẹ̀yìn igi ewúro, níbi tí ògiri àtijọ́ kan ti wó, ibẹ̀ ló pè ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ló padà sí kíṣìnnì. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò ju agolo sàdíìnì mẹ́ta tó so kọ́ra, tó fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀, tí bátìrì sì wà nínú èyí tó ṣíwájú.

Ó rìn. Ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ yí ká ọgbà, ọkọ mi ń tẹ̀ lé e bí adìyẹ tó pamọ. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la máa ń tan án. Inú mi dùn díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló dúró láàárín òkúta méjèèjì.

"Ilẹ̀ ni ò dọ́gba," ọkọ mi wí. Ó gbé rọ́bà olómi wá. Ilẹ̀ dọ́gba. Ó pààrọ̀ bátìrì. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ náà tún dúró níbẹ̀. A ń wò ó. Mọ́tò ń kùn nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí. Lẹ́yìn náà ló gbéra fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí alágbàrù. Pákó ń rì sínú iyanrìn bó ṣe ń kọjá lórí wọn. Ó wúwo báyìí títí ó fi dé ẹnu kíṣìnnì. Bó ṣe débẹ̀, ìró rẹ̀ tún di kẹ̀kẹ̀kẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Á dúró láàárín òkúta. Á wúwo wá sílé. Á fúyẹ́ lẹ́nu kíṣìnnì.

"Gbé e wò," ọkọ mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

"Kí n gbé kí ni?"

"Gbé e wò jàre, Fọláṣadé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi nìkan ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe kúrò láàárín òkúta. Agolo sàdíìnì òfìfo. Mo fi ọwọ́ kan gbé e, kò gbéra. Mo fi ọwọ́ méjèèjì. Ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn síni lẹ́yìn. Kì í ṣe bí irin ṣe ń wúwo. Ó rọ̀. Ó fara tì mí. Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Ìdíátù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Adìyẹ ń ṣí ẹnu lábẹ́ ewúro, ohùn kò jáde. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé e sílẹ̀ kíá, ariwo gbogbo sì padà.

"Kí lo gbọ́?" ọkọ mi bi mí.

"N kò gbọ́ nǹkan kan."

"Èmi náà," ló wí.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì. N kò sọ fún un. Òun ló dìde láti lọ yẹ ilẹ̀kùn wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó débẹ̀, ó rí i pé n kò tì í, ó padà wá dùbúlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ọláwùmí wá kí wa láti Ìbàdàn. Ó mú búrẹ́dì wá. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó gba kíṣìnnì jáde, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, kí lẹ tún ń—"

Kò parí rẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí kànga. Ó lọ sí òkúta. Ó lọ sí ewúro, ó lọ sí ògiri tó wó, ó padà sí òkúta. Ọkọ̀ náà débẹ̀, ó dúró. Ọláwùmí gbé ọwọ́ lérí.

"Ta ló mú yín débẹ̀?"

"Débo?" ọkọ mi bi í.

"Òkúta méjèèjì yẹn, àwa la gbé wọn síbẹ̀. Ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́—"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Kì í ṣe òkúta tiwa ló ń sọ. Òkúta tiwa, ẹnikẹ́ni kò gbé e síbẹ̀.

"Ọláwùmí," ọkọ mi wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé igi wà níbẹ̀? Ṣé ògiri kan wó?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi mí. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tú nǹkan yìí, ẹ tú u lónìí. Èèwọ̀ ni." Ó yíjú sí mi. "Àǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Kò mu omi. Búrẹ́dì tó mú wá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó jáde ní géètì.

A kò rìn débẹ̀. A kò bi ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ a ti rí sàréè ọmọ wa. Mo wo ọkọ mi, mo rò pé yóò wólẹ̀. Ó kàn ń mi orí. Ojú rẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe rí i láti ìgbà tí ọmọ ti kú.

"Màá tú u," ló wí. "Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ kí i."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́. Ó gbé àpótí ìdáná mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó jókòó. Èmi ni mo tan ọkọ̀ lẹ́nu kíṣìnnì, mo sì rìn tẹ̀ lé e dé ibi kànga. N kò kọjá ibẹ̀. Ọkọ̀ náà rìn dé iwájú rẹ̀, ó dúró. Gbogbo àdúgbò dákẹ́.

Ó gbé e lé itan. Mo rí bí orúnkún rẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ lábẹ́ ìwúwo náà. Ó tẹ orí mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ "má bínú." Mo gbọ́ orúkọ kan tí a ń pè é nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ yìí, ó ń sun ún. Mo ṣáà dúró, mo di etí kànga mú, mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọkàn ọkọ mi dákú.

Ilẹ̀ ń ṣú. Kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ, ọkọ mi dì í mú. Mo gbọ́ òórùn wáyà tó ń jó.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ," mo wí. "Mọ́tò yẹn á jóná."

Ó nu ojú. Ó gbé e padà sórí irin jẹ́jẹ́, ó ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi," ó sì ṣí ọwọ́. Ọkọ̀ náà lọ, ó wúwo, pákó ń rì. Ó yí wọ ẹ̀yìn ewúro. A ń retí kó jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Kò jáde.

Ewúro náà kò ga ju mí lọ. Mo sáré yí i ká. Ojú irin wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀. Pákó rì dé àárín, láti àárín lọ wọn kò rì. Kò sí agolo, kò sí ìdérí ìgò kan. A tan tọ́ọ̀ṣì. A tú ewé, a gbẹ́ iyanrìn, Ìdíátù gorí fẹ́ǹsì wò wá, kò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Títí di òní, a kò rí i.

Ọkọ mi sùn lóru yẹn, ó ń hanrun. Kò tún sọ gbólóhùn yẹn mọ́. Nígbà tó sọ pé ó tó àkókò láti hú ojú irin náà, èmi ni mo ní rárá. Ó wò mí, ẹnu yà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Òun ló ń sọ ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ jáde, ni gbogbo wa fi rò pé tirẹ̀ nìkan ló wà. Èmi ìyá Tósìn, mo gbé e dání, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nítorí ẹ̀rù. Nígbà tó tún wá, mọ́tò ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́, ó ṣe ọkọ̀ mìíràn. Irú agolo kan náà, ojú irin kan náà. Tí mo bá ti iléèwé dé, màá tan án, màá lọ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ Ìdíátù, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò. Ọkọ̀ náà á dé ọ̀dọ̀ mi, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á sì kọjá lọ.