Àwo Tí Nagi Jù fún Ìlú Onílùú

"Nagi, jẹun. O jókòó síbí, ọkàn rẹ ò sí nílé," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì ti abọ́ ẹja díndín sún mọ́ ọn.

Nagi ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ tí àlejò aláṣọ funfun kan bá a sọ ní pápá lánàá ló ń rò. Ní gbogbo Baltim ní Íjíbítì, létí adágún tí bàbá rẹ̀ ti ń pẹja, kò sí ọ̀dọ́ tó lè ju àwo bíi tirẹ̀. Àwo eré ìdárayá ni, onígi tí wọ́n fi irin yí létí. Nagi á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, á pòyì bí ìjì, á sì jù ú fùù. Àlejò náà rí i, ó ní kó wá máa jù ú fún orílẹ̀-èdè òun, lọ́hùn-ún tí epo rọ̀bì ti pọ̀ bí omi. Wọn yóò fún un nílé. Wọn yóò sì fún un ní orúkọ tuntun. Nagi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ wà nídìí oúnjẹ.

Kọ́ọ̀ṣì Shukri, tó ti ń kọ́ ọ láti kékeré, gbé gíláàsì tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Orúkọ tuntun? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni wọ́n wò?"

"Kọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́. Orílẹ̀-èdè wa ò mú mi lọ́dún yìí. Ṣé kí n máa ju àwo fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ wò ni?"

"Wọ́n á mú ẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Fathi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ju àwo, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ó máa lọ, Kọ́ọ̀ṣì. Ràkúnmí ni yóò gùn padà wá!" Ó ń rẹ́rìn-ín ni o, ṣùgbọ́n omi ti lé ròrò sí i lójú.

Ìyá Nagi gbé abọ́ ẹja tó ti tutù kúrò níwájú rẹ̀.

Nagi lọ.

Ilé tí wọ́n fún un ga, ó mọ́, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Òyìnbó ni olùkọ́ rẹ̀, ògbufọ̀ ló ń bá wọn túmọ̀. Bí Jímọ̀ bá dé, tí àwọn ará Baltim ń péjọ jẹun, òun nìkan á gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì síwájú. Á tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kó lè máa gbóhùn èèyàn. Bí àwo rẹ̀ bá jìnnà, ẹ̀rọ á wọ̀n ọ́n, olùkọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa pariwo.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí Kọ́ọ̀ṣì Shukri ti wí gẹ́lẹ́, Íjíbítì ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó lè ju àwo. Fathi ni wọ́n mú.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì pàdé níbi ìdíje ọ̀dọ́ àgbáyé. Nagi ló gba góòlù. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ tuntun náà pe ẹni tó borí, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè, àfìgbà tí ẹnì kan fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. Wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè tó ń jù ú fún. Nagi ò mọ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Fathi ò gba nǹkan kan, síbẹ̀ àwọn ará Íjíbítì gbé e lé èjìká, wọ́n ń jó kiri. Nagi ń wò wọ́n láti òkè ibi tó dúró sí, góòlù lọ́rùn.

Ó pe ìyá rẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ rí mi?"

"Mo wò ó títí, ọmọ mi. Wọn ò pe orúkọ rẹ. Nígbà tó yá, mo rí ọmọ kan tó jọ ẹ́. Àwọn aládùúgbò ní kì í ṣe ìwọ. Èmi náà ò bá wọn jiyàn."

Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun Nagi, tí àwo rẹ̀ ò jìnnà mọ́. Wọ́n mú ọ̀dọ́ mìíràn wá, wọ́n sì ní kó kó kúrò nílé wọn. Ó padà sí Baltim. Ẹ̀yìn náà san, ṣùgbọ́n òfin ni pé ẹni tó bá ti ṣojú orílẹ̀-èdè kan kò lè ṣàdédé ṣojú òmíràn. Fathi wà ní Káírò pẹ̀lú ẹgbẹ́ eléré ìdárayá Íjíbítì. Nagi nìkan ló kù ní pápá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rawya wá bá a. Eré sísá ni tirẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Nagi, àlejò kan ní kí n wá máa sáré fún ìlú àwọn. Ẹ̀yin lẹ ti lọ rí. Ṣé kí n lọ?"

Nagi nu iyanrìn kúrò lára àwo rẹ̀.

"Tó o bá borí," ló wá bi í, "ta lo máa kọ́kọ́ sáré lọ dì mọ́?"

"Màmá mi ni. Àti àwọn ọ̀rẹ́ mi."

"Ṣé wọ́n á wà níbẹ̀?"

Rawya mi orí pé rárá.

"Àṣeyọrí dáa, àbúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìkánjú fi àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ torí àtilókìkí, á borí tán, á wá ẹni tí yóò bá a yọ̀ tì. Ní sùúrù. Jẹ́ kí àwọn tìrẹ wò ẹ́."

Àwọn ọ̀rẹ́ Rawya ń pè é láti ẹnu ọ̀nà pápá. Ó dúpẹ́, ó sì sáré lọ bá wọn. Nagi gbọ́ ẹ̀rín wọn títí wọ́n fi yà sí ojú títì. Lẹ́yìn náà, ó ju àwo rẹ̀, ó sì rọra rìn lọ sí ìkángun pápá láti lọ he é.