Ẹsẹ Orin tí Táyé Yọ Kúrò

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbé orin yẹn sí i," ni Hàmdálátù wí. Íápíìsì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, ó dijú, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

Ridwanullah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tẹ kọ̀ǹpútà. Yàrá kékeré kan ló ní ní àdúgbò Ijoku tó ti ń gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì àlòkù ló sì fi bo ògiri rẹ̀ kí ariwo ọ̀kadà má baà máa wọlé. Ohùn Táyé olórin tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ohùn tútù tí gbogbo Ṣàgámù mọ̀ mọ́ ọn. Ohùn ẹni tó ń payín keke ni.

"Ṣẹ̀rífù, ìgò ọwọ́ rẹ ló gba ẹ̀mí ìkejì mi. Àdá la ó fi kí ọ káàárọ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ Kẹ́hìndé, ẹ má jẹ́ kó sùn."

Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ni Hàmdálátù ṣe fẹ́ràn kó máa gbé orin tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, èyí tí àwọn olórin ń pè ní dẹ́mò, sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n ti tún ṣe sínú àwo orin. Etí rẹ̀ mú. Ó lè tọ́ka sí ibi tí olórin ti mí kanlẹ̀ nínú dẹ́mò tí wọ́n sì fi gìtá bò ó mọ́lẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ní ojú ewé kan lórí ẹ̀rọ ayélujára tó ti ń gbé méjèèjì síta, tó sì ń bi àwọn ènìyàn pé èwo ló wù wọ́n. Òfin kan ṣoṣo ni Ridwanullah fún un: bí olórin kò bá yọ̀ǹda, dẹ́mò rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde.

"Èyí lágbára ju ti inú àwo orin lọ," ni ó wí. "Kí ló dé tó fi yọ ẹsẹ yìí kúrò?"

Ridwanullah yọ íápíìsì kúrò létí rẹ̀. "Ilẹ̀ sàréè Kẹ́hìndé kò tíì gbẹ nígbà tí Táyé wá kọ ọ́. Ìjà àwọn ọmọ gáréèjì ló pa ìkejì rẹ̀. Ìgò fò lù ú lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ báyìí ló ti wá. Ṣẹ̀rífù wà níbẹ̀, àwọn mìíràn náà wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá Táyé kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní ọmọ kan ló kù fún òun, kó má fi orin pe ikú padà wá sílé. Àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jókòó, wọ́n parí ìjà. Táyé tún orin náà kọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì ní kí n pa èyí rẹ́."

"Ẹ ò sì pa á rẹ́."

Ridwanullah wo ilẹ̀. "N kò gba irú ohùn yìí sílẹ̀ rí. Ọwọ́ mi kò gbé e."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ Hàmdálátù sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Bánkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Bánkẹ́ rẹ́rìn-ín. "O ní irú nǹkan báyìí lọ́wọ́, o sì jókòó? Ojú ewé rẹ ti ń kú lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀ mọ́. Gbé e síta, wàá rí i bí wọ́n á ṣe wọ́ wá."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí Ridwanullah lọ bu bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, Hàmdálátù fi dẹ́mò náà ránṣẹ́ sí fóònù ara rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òtítọ́ ni òun fẹ́ kí ayé gbọ́. Ó gbé méjèèjì síta, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé: "Èyí ni òtítọ́ ọkàn Táyé. Àtíkè lásán ni wọ́n fi kun ti inú àwo orin. Èwo lẹ fara mọ́?"

Kí wọ́n tó jáde ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, orin náà ti gba ìlú kan. Bánkẹ́ ń dì mọ́ ọn, àwọn ọmọ kíláàsì ń kan sáárá sí i. Lẹ́yìn náà ni ó rí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ṣé Ṣẹ̀rífù tó ń lẹ táyà ní oríta Ìńtáṣéńjì ni?" Ẹlòmíràn fèsì: "Òun ni. Ó wà níbẹ̀ báyìí." Hàmdálátù sáré pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àmọ́ aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Fóònù àwọn ẹlòmíràn ti gbé e dé ibi tó ń lọ.

Bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ fún un nígbà tó yá, Ṣẹ̀rífù lóṣòó ti táyà ọkọ̀ àjàgbé kan nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Kẹ́hìndé bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Orin náà ń ké nínú fóònù wọn. Pákó ni wọ́n kọ́kọ́ là mọ́ ọn lẹ́yìn. Bó ṣe fẹ́ dìde, ẹnì kan gbé àdá sókè. Ṣẹ̀rífù fi apá gbà á. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ inú bàsíà omi tó fi máa ń wá ojú ibi tí táyà ti jò, omi náà sì pọ́n dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì sá káàkiri. Wọ́n tún ṣá a, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ti ń tú bẹntiróòlù sí i lára kí àwọn awakọ̀ tó fi irin tú wọn ká.

Hàmdálátù kò tíì gbọ́ gbogbo èyí nígbà tó sá dé Ijoku láti jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá Táyé nínú yàrá náà.

"Ọwọ́ rẹ nìkan ló wà, Ridwanullah," ni Táyé ń wí. "Mo ní kó o pa á rẹ́."

Ridwanullah yíjú wo àbúrò rẹ̀. Ojú kan tó wò ó yẹn, gbogbo rẹ̀ ti yé e. Kí Hàmdálátù tó lanu, ilẹ̀kùn já wọlé. Abíọ́lá ni, àbúrò Ṣẹ̀rífù, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, òòlù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló gbé orin yẹn jáde?"

"Èmi ni," ni Ridwanullah dáhùn.

Hàmdálátù sún sẹ́yìn títí ó fi fẹ̀yìn kan ògiri. Wọ́n fọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé dùùrù lu ògiri. Wọ́n di Ridwanullah mú, wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí tábìlì, Abíọ́lá sì fi òòlù sọ̀ ọ́. Hàmdálátù gbọ́ ìró egungun. Ó gbọ́ igbe tí kò gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Táyé fò mọ́ Abíọ́lá, àmọ́ ẹnì kan fi irin là á lórí, ó sì ṣubú lulẹ̀ bí àpò. Abíọ́lá tún gbé òòlù sókè.

"Kì í ṣe òun," ni Hàmdálátù wí, ohùn rẹ̀ ya. "Èmi ni. Mo jí i lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

Abíọ́lá yí padà, ó sì gbá a létí tó fi fi orí lu ògiri. Ẹ̀jẹ̀ kún un lẹ́nu. Òòlù náà gòkè sí i. Ìgbà náà ni Abíọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí aṣọ ilé ìwé tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ju òòlù sílẹ̀, ó jókòó sáàárín àwókù, ó sì sunkún bí ọmọdé títí àwọn ọlọ́pàá fi dé.

Àwọn ọlọ́pàá kó Abíọ́lá àtàwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Wọ́n mú Táyé náà, tòun ti báńdéèjì lórí, wọ́n ní orin rẹ̀ ló rán àwọn tó ṣá Ṣẹ̀rífù. Nígbà tí bàbá Hàmdálátù, Alhaji Mákánjúọlá tó ń ta obì, gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kò na ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Wọ híjáàbù rẹ, ká lọ."

Ó bá a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Hàmdálátù sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Wọ́n fi Táyé sílẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ fún un.

"Ẹ dákun, Bọ̀dá Táyé. Mo rò pé èkíní nìkan ló jẹ́ òtítọ́."

Táyé dáhùn pé, "Òtítọ́ ni méjèèjì. Àmọ́ ìbínú ló kọ èkíní. Èmi ni mo kọ èkejì, ó sì le fún mi ju bó o ṣe rò lọ."

Láti ibẹ̀, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gé apá òsì Ṣẹ̀rífù. Ìyá rẹ̀ kò wo ojú Hàmdálátù. Ṣẹ̀rífù ló sọ̀rọ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé orin inú àwo yẹn sí i ní ṣọ́ọ̀bù mi," ni ó wí. "N kò ju ìgò kankan lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Nígbà tí àwo yẹn jáde, mo sọ pé Táyé ti jọ̀wọ́ mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn. Ìwọ lo wá sọ fún ayé pé àtíkè ni."

Hàmdálátù bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Táyé wọlé. Ìyá Ṣẹ̀rífù dìde láti dí i lọ́nà.

"Ẹ jẹ́ kó wọlé, Màámi," ni Ṣẹ̀rífù wí.

Táyé fa àga mọ́ra, ó jókòó ti ibùsùn náà. Ìyá Ṣẹ̀rífù náà padà jókòó.

Ìka méjì ní ọwọ́ ọ̀tún Ridwanullah kò tún ká mọ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bà. Hàmdálátù fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fi ìbínú sọ, tó sì fi sùúrù gbé mì, ẹ má bá a fà á jáde ní ọ̀fun nítorí kí ayé lè pàtẹ́wọ́ fún yín. Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe kò purọ́. Ó lè jẹ́ pé àtúnṣe náà ni kò jẹ́ kí ẹnì kan kú.