Iná Kámẹ́rà Òfìfo

Ojú ọmọ kan ṣoṣo ni ó wà lórí nẹ́gátíìfù, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni ó ń yọ bọ̀ nínú omi. Mọ́ṣádé tẹjú mọ́ bébà fọ́tò náà lábẹ́ iná pupa yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Iwájú orí ni ó kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ẹnu tí kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan náà jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, ó tún jókòó sí ọwọ́ òsì.

"Bàbá, èyí ń bà mí lẹ́rù o," ni Mọ́ṣádé wí.

Bàbá rẹ̀, Gilbert Bọ́dúnrìn, tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ sí Gilbert Onífọ́tò, gbé bébà náà kúrò nínú omi oògùn, ó sì rì í sínú omi tútù. "Kí ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù níbẹ̀? Ìbejì ni ọmọ yìí. Èkejì rẹ̀ ti lọ sọ́jà kí ẹnikẹ́ni tó yà á ní fọ́tò. Ìyá wọn ni ó ní kí n ya èyí tí ó kù, kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn méjèèjì lè tún wà pọ̀ lórí ògiri."

A kì í sọ nílẹ̀ wa pé ìbejì kú. Ọjà ni a ń sọ pé ó lọ.

"Ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn, sà?"

Gilbert rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyá ọmọ mọ̀ pé ọmọ kan ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀ mí. Ohun tí ẹni tí ó ni ín bá mọ̀ kì í ṣe irọ́. Ìgbà tí o bá mú kí ènìyàn gbà pé ohun tí kò sí wà, ìgbà yẹn ni o di òpùrọ́."

"Ó yé mi, sà."

Ó yé e lóòótọ́. Ohun tí ó dun èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí jù nìyẹn, nítorí pé àìmọ̀ kọ́ ni ọmọbìnrin yìí fi ṣe ohun tí ó ṣe.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ní kí gbogbo ènìyàn máa tò sórí ìlà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Fíìmù wọ́n bí ojú nígbà náà. Àwọn onífọ́tò kan wá dá ọgbọ́n tiwọn. Bí fíìmù bá tán níbi ìyàwó, tí àwọn ènìyàn sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn a kàn tẹ kámẹ́rà òfìfo. Iná a kọ mànà, ẹni tí wọ́n ń tàn á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gilbert kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: ya ìyàwó tán kí o tó jẹun, má ya ẹni tí òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, má sì tan iná sójú ẹnikẹ́ni bí kò bá sí fíìmù nínú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ má bá a du ìkòkò o! Láti Odogbolu dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, gbogbo alásè ni ó mọ̀ pé bí wọn kò bá fi ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ de Gilbert, wọ́n fẹ́ ìjà nìyẹn.

Ní Sátidé kan, ìgbéyàwó méjì bọ́ sọ́jọ́ kan náà. Gilbert ń lọ sí Odogbolu, ó sì gbé kámẹ́rà kejì lé Mọ́ṣádé lọ́wọ́ pé kí ó lọ ya ìgbéyàwó Rachel, ọmọ olùkọ́ kan ní àdúgbò wọn. Kíláàsì kẹrin ni Mọ́ṣádé wà ní ilé-ìwé girama, ó sì ti mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Àmọ́ kò tíì dá lọ sóde rí.

"Fíìmù kan ṣoṣo ni mo rí fún ọ," ni Gilbert wí. "Ya ìyàwó, ya ẹbí, kí o sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àgbà tí ó bá bẹ̀ ọ́. Má fi ṣeré. Bí fíìmù bá tán, sọ fún wọn pé ó tán. Kí wọ́n dúró dè mí, ìrọ̀lẹ́ ni n ó dé."

Mọ́ṣádé ya ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó yà á pẹ̀lú ẹbí ní iwájú gbọ̀ngàn, gbogbo rẹ̀ sì lọ déédéé. Àfi ìgbà tí Helen dé. Kíláàsì kan náà ni òun àti Mọ́ṣádé wà, Helen sì ni gbogbo àwọn ọmọbìnrin ń fẹ́ kí ó bá àwọn jókòó. Kò kí Mọ́ṣádé rí kí ó tó di ọjọ́ náà.

"Mọ́ṣádé, ọ̀rẹ́ mi! Àṣé báyìí ni o ti gbayì tó? Ṣé àwa kì í ṣe ènìyàn ni? Yà wá, jọ̀ọ́."

Mọ́ṣádé rántí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní ẹyọ kan péré ni òun yóò yà. Helen fọwọ́ kọ́ ìbàdí, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó gun orí àga, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oríyìn Helen dùn mọ́ Mọ́ṣádé nínú, ó sì ń yà á lọ. Kí ó tó mọ̀, fíìmù ti tán pátápátá.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí obìnrin kan fi jáde láti ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń dáná, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn fún epo. Fáyọ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀, láti abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn alásè tí Gilbert mọ̀. Òun ni ó se ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ náà. Ó fa ọmọbìnrin kéékèèké méjì lọ́wọ́, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn, ojú kan náà bí ẹni pé a gé e.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi ya àwọn ìbejì mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, n kò ní àwòrán wọn kankan."

Kí ni ì bá gba Mọ́ṣádé láti sọ pé, "Fíìmù ti tán, mà, ẹ dúró de bàbá mi"? Kò gbà ju kí ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, nítorí obìnrin náà yóò bi í pé kí ni ó fi fíìmù ṣe. Helen sì ti sún mọ́ etí rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ ṣáá," ni Helen sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ará oko ni. Ta ni yóò mọ̀?"

Fáyọ̀kẹ́ fi etí aṣọ nu ojú Táyé, ó nu ojú Kẹ́hìndé, ó tò wọ́n sí ara ògiri, ó sì di ọwọ́ wọn mọ́ ara wọn. Mọ́ṣádé gbé kámẹ́rà sójú. Iná kọ mànà. Táyé fo sókè, Kẹ́hìndé kò tilẹ̀ ṣẹ́jú; ó kàn ń wo kámẹ́rà náà bí ẹni tí ó mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á ràn ọ́ lọ́wọ́," ni ìyá wọn wí. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó sì bu ìkọ́kọrẹ́ kún abọ́ wá fún un, ẹja gbígbẹ ni ó borí rẹ̀. "Jẹ ẹ́. Má fi inú òfìfo ṣiṣẹ́."

Mọ́ṣádé jẹ ẹ́. Kò mọ adùn rẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí obìnrin náà bá wá gba fọ́tò, òun yóò sọ pé omi oògùn bà á jẹ́, òun yóò sì tún àwọn ọmọ náà yà. Kí ló burú níbẹ̀? Ọmọ kì í sá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Gilbert bi í pé, "Ṣé fíìmù tó?"

"Ó tó, sà."

Fáyọ̀kẹ́ kò tètè wá. Ọjà Òkè-Ajé, èyí tí ó máa ń gbé àwọn ará abúlé wọ ìlú, ná, ó tún ná, a kò rí i. Ọkàn Mọ́ṣádé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ nígbà tí ó gbójú sókè ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí ó rí obìnrin náà lójú fèrèsé. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó fà lọ́wọ́. Mọ́ṣádé ń retí pé èkejì yóò yọ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Kò yọ.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Ìbejì," ni Gilbert wí. "Èkejì ńkọ́?"

Fáyọ̀kẹ́ jókòó kí ó tó dáhùn. "Kẹ́hìndé ti lọ sọ́jà, Bàbá. Gìrì ni. Ilẹ̀ kò ṣú lé e." Ó nu ojú. "Fọ́tò ni mo bá wá. Ọmọ yín yà wọ́n níbi ìgbéyàwó Rachel. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ tán, ohun tí mo rántí nìyẹn. Mo ní, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo ṣì máa rí ojú rẹ̀."

Gilbert yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mọ́ṣádé, ṣé o ti tẹ̀ ẹ́?"

Ilẹ̀kùn òtítọ́ ṣì ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Mọ́ṣádé wo omijé obìnrin náà, ẹ̀rù bà á, ó sì ti ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀.

"Ó kù kí n tẹ̀ ẹ́, sà."

"Tẹ̀ ẹ́ kí n tó ti Èkó dé. Mò ń lọ wá bébà," ni Gilbert wí. Ó kọjú sí Fáyọ̀kẹ́: "Ẹ máa lọ sílé, ìyá. Bí ọjà bá tún ná, ẹ wá gbà á. Ọpẹ́ ni pé ọmọ yìí yà wọ́n."

Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ tán, Mọ́ṣádé wọ yàrá òkùnkùn, ó na fíìmù ọjọ́ náà tí ó ti fọ̀ sókè sí iná. Ìyàwó, ẹbí, Helen, Helen, Helen. Ó ń wò ó lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Lẹ́yìn Helen tí ó gun orí àga, ọmọ kékeré kan dúró tí ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọ̀jọ̀jọ̀ ewùrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà ni.

Ọ̀kan wo? Mọ́ṣádé kò mọ̀, kò sì béèrè. Ohun tí ó wá sí i lọ́kàn ni ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe fún ìyá ìbejì ti ìṣáájú. Ó bo Helen mọ́lẹ̀, ó mú ojú ọmọ náà tóbi, ó tẹ̀ ẹ́ sí apá ọ̀tún bébà. Ó yí nẹ́gátíìfù padà kí ojú rẹ̀ lè kọ sí ìhà kejì, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí apá òsì. Àwọn méjèèjì ń yọ bọ̀ nínú omi. Àmì tín-ínrín kan wà lókè ojú wọn. Ó rò pé eruku ni. Ó rì í sínú omi tútù, ó sì sáré tan iná funfun.

Ọjọ́ tí ọjà ná, Gilbert ti dé, ó ń jẹ ẹ̀bà ní yàrá ẹ̀yìn. Fáyọ̀kẹ́ gba fọ́tò náà, ó ti fi aṣọ nu ọwọ́ kí ó tó dì í mú. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó fa Táyé mọ́ra, ó gbá irun kúrò níwájú orí rẹ̀, ó wo orí ọmọ, ó wo fọ́tò.

"Kẹ́hìndé ṣubú lẹ́bàá kànga," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi tí ó fi bani lẹ́rù. "Àpá rẹ̀ ni èyí, lókè ojú. Táyé kò ní àpá. Kẹ́hìndé nìyí. Èyí náà, Kẹ́hìndé ni. Ọmọbìnrin yìí, níbo ni o gbé Táyé sí?"



Táyé na ìka sí fọ́tò náà. "Ìyá, èmi dà níbẹ̀?"

Fáyọ̀kẹ́ kígbe, ó sì gbá ọmọ náà mọ́ àyà. "Wọ́n ti kó ọ mọ́ ọn! Wọ́n ti kó èyí tí ó kù mọ́ èyí tí ó lọ!"

Gilbert sáré jáde, ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ó ní kí Mọ́ṣádé mú fíìmù wá. Ó nà án sí ojú oòrùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì kà á bí ẹni tí ń ka ìwé ìdájọ́ tirẹ̀.

"O tan iná òfìfo sí wọn lójú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹkún ti gbà á lẹ́nu. "Fíìmù ti tán. Mo rò pé n ó tún wọn yà."

"Ì bá ṣe pé o sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ó tán," ni Fáyọ̀kẹ́ wí, "ǹ bá dúró de bàbá rẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Ká ní o sì sọ ọ́ ní ọjọ́ tí mo wá, à bá jọ wá a, à bá rí ojú Kẹ́hìndé mi yìí, inú mi ì bá sì dùn. Ohun tí mo ń wá wà lọ́wọ́ rẹ ní tòótọ́, o wá lọ fi irọ́ lé e."

Gilbert dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun ya Táyé nísinsìnyí, kí òun fi í sí ẹ̀gbẹ́ èkejì rẹ̀.

"Rárá, Bàbá. Ẹ dìde. Táyé kò ní jókòó síwájú kámẹ́rà yín."

Ó tọrọ àlùmọ́gàjí. Ó gé fọ́tò náà sí méjì, ó ki apá kan bọ àyà, ó sì fi apá kejì sílẹ̀ lórí tábìlì níwájú Mọ́ṣádé. Ó pọn Táyé, kò sì wẹ̀yìn.

Àárẹ̀ kì í mú ìròyìn. Kí ọdún tó yí, kò sí ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tí ó tún pe Gilbert sí ìyàwó. Wọ́n ní onífọ́tò tí ń ka alààyè mọ́ òkú ni. Gilbert kò na Mọ́ṣádé. Ó kàn kan apá fọ́tò náà mọ́ òkè ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn, níbi tí ọmọ inú fọ́tò náà ti ń wo ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé. Helen ní tirẹ̀ wá gba fọ́tò rẹ̀, ó yìn ín, ó sì gbàgbé orúkọ Mọ́ṣádé.

Lọ́jọ́ ọjà, Mọ́ṣádé a máa dúró lójú fèrèsé, kí ó lè wò ó bóyá Fáyọ̀kẹ́ yóò fa ọmọ lọ́wọ́ kọjá. Bí ó bá rí Táyé, á mí kanlẹ̀. Bí ìyá náà bá dá kọjá, kò ní lè jẹun títí ọjà mìíràn yóò fi ná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí irọ́ kékeré ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin ni ẹ ń pa á láti fi bo ìtìjú ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ mọ iye ọjọ́ tí ẹ óò fi máa ṣọ́ ọ̀nà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nígbà tí Mọ́ṣádé gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń bínú sí i níbi ìyàwó. Bí fíìmù bá tán, ibi yòówù kí ẹni tí ó ń bẹ̀ ẹ́ ti wá, á ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, á nà án sí i lójú, á ní: "Ẹ wò ó, kò sí nǹkan nínú rẹ̀." Àwọn mìíràn á pòṣé, wọn á lọ. Á jẹ́ kí wọ́n lọ.